Ilé Ìtọ́jú Ẹni Tí Kò Lè Sọ Tẹnu Rẹ̀: Bó Ṣe Yẹ Kó Rí Láti Àárọ̀ Di Òru

Ẹni tó bá wọ ilé ìtọ́jú àkàndá ẹ̀dá ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́, ọ̀dà ara ògiri ló kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà bẹ́ẹ̀dì, lẹ́yìn náà bóyá ilé ń rùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ilé lè mọ́ fòò kí ìtọ́jú ibẹ̀ má dára. Ẹni tó dákẹ́ jù nínú ilé ni kí ẹ wò: ẹni tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, tí òye rẹ̀ sì lọ́ra, tí kò lè sọ pé ebi ń pa òun tàbí pé eyín ń ro òun. Ọ̀nà wo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń gbà sọ pé "n ò fẹ́" nínú ilé náà? Bó bá sọ ọ́, ta ló ń gbọ́? Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìbéèrè méjèèjì yìí ló dúró lé. A kọ ọ́ fún ẹni tó ń darí ilé kékeré, bí ènìyàn 6 sí 12, àti fún mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ mọ ohun tí yóò wò kó tó fi ènìyàn rẹ̀ síbẹ̀.

Ìkíni ló ṣáájú

Ọkùnrin ẹni ọdún 45 tí òye rẹ̀ lọ́ra, àgbàlagbà ni. Síbẹ̀ ẹ ó bá ọmọbìnrin ẹni ọdún 22 tó ń sọ fún un pé, "Túndé, wá jókòó síbí, o ò gbọ́ ni?" Nílé baba rẹ̀, ta ló jẹ́ dán an wò? Bọ̀ọ̀dá Túndé ni, "ẹ" la sì fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé àṣà lásán là ń wí. Ẹni tí òṣìṣẹ́ bá ti sọ di ọmọdé lẹ́nu, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa wọ́ ọ lápá lọ sí balùwẹ̀, tí yóò máa bọ́ aṣọ rẹ̀ lójú gbogbo èrò, tí yóò sì máa gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ pé "ó ti yó." Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń pe oníkálùkù nílé sí ojú ìwé àkọ́kọ́ nínú fáìlì rẹ̀: bọ̀ọ̀dá, àǹtí, ìyá, bàbá, àlàájì. Bí kò bá lè sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ẹ bi àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹni tí kò ríran, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ẹni tí ẹ jẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ń kúrò níbẹ̀, ẹ wí fún un. Ìtìjú ni kí ènìyàn máa bá àga òfìfo sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́ràn, ẹ má yọ sí i láti ẹ̀yìn. Àwọn kan máa ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí adití lè mọ̀ pé ènìyàn ti dé. Orí pákó nìyẹn ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tiwa kì í gbé e. Ẹ ju ọwọ́ níbi tó ti lè rí i, tàbí kí ẹ pa iná kí ẹ tún un tàn lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tí kò ríran tí kò sì gbọ́, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e léjìká jẹ́ẹ́, kí ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí yóò fi yíjú, kí ọwọ́ yín tó gba apá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí ọwọ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti fi àmì yín hàn án. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀ tí kì í pààrọ̀: ẹ̀gbà irin, òrùka ńlá, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọwọ́, aago. Bí ẹni náà bá jẹ́ àgbà, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan orí yín níbi tó wà nísàlẹ̀. Yóò mọ̀ pé wọ́n kí òun. Ohun tó ń ba ètò àmì yìí jẹ́ kéré lójú: kí àǹtí kan yá ẹnìkejì ní ẹ̀gbà lọ sóde ìgbéyàwó, kó sì gbàgbé láti dá a padà. Nígbà tí ẹ̀gbà kan náà bá di ti ẹni méjì, ẹni tó ń fi í dá ènìyàn mọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọwọ́ sẹ́yìn, yóò máa ta ènìyàn nù. Wọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé oníjàgídíjàgan ni.

Ohun tí ọwọ́ lè kà

Ẹni tí kò rí aago, tí kò gbọ́ ìpè, kò mọ ohun tó kàn. Ńṣe ni nǹkan kàn ń já lù ú. Omi já lù ú, ṣíbí já lù ú, wọ́n fà á dìde kò mọ ibi tí wọ́n ń mú un lọ. Púpọ̀ nínú ariwo àti ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ nílé ìtọ́jú, ibí ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé kí ohun kan dúró fún iṣẹ́ kan. Kàìnkàìn kékeré túmọ̀ sí ìwẹ̀. Ṣíbí túmọ̀ sí oúnjẹ. Bùútà kékeré túmọ̀ sí ìrun fún mùsùlùmí; ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kékeré lè dúró fún ìsìn fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ìjọ. Fìlà tàbí bàtà túmọ̀ sí pé a fẹ́ jáde. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ilé tó bá kó mẹ́wàá jọ lọ́jọ́ kan náà kò ní rántí èyíkéyìí nígbà tí oṣù bá fi máa parí.

Ẹ wo bí ti ìwẹ̀ ṣe ń lọ. Bó bá ku bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ lọ sí balùwẹ̀, ẹ jókòó tì í, ẹ fi àmì yín hàn án, kí ẹ wá gbé kàìnkàìn wá sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ yín ni yóò wà nísàlẹ̀, tirẹ̀ lókè. Ẹ má di ọwọ́ rẹ̀ mú láti òkè tẹ̀ ẹ́ mọ́ nǹkan: ọwọ́ ni ojú rẹ̀, ẹni tó bá sì gbá a mú bẹ́ẹ̀, ojú ló bò fún un. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, kó gbóòórùn rẹ̀, kó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ bó bá wù ú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e dé balùwẹ̀. Kàìnkàìn yẹn náà ni ẹ ó fi wẹ̀ fún un. Bí ẹ bá parí, ẹ jọ jù ú sínú agbọ̀n kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Agbọ̀n yẹn ló ń sọ fún un pé "ó parí", ibì kan náà ni kó sì máa wà.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: kàìnkàìn tó ti gbó rọ̀ lọ́wọ́, tuntun le bí ẹ̀gún. Lójú yín ọ̀kan náà ni wọ́n. Lọ́wọ́ tirẹ̀ nǹkan ọ̀tọ̀ ni. Nítorí náà, ẹ gé mẹ́ta láti ara ẹyọ kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ máa lò wọ́n yípo. Ṣíbí irin àti ṣíbí rọ́bà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ tí wọn kò lò ó ni ìṣòro kejì: ohun tí wọ́n ṣe láàárọ̀ tí wọn kò ṣe lálẹ́, kò lè di èdè fún un láé. Ẹlòmíì máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹlòmíì oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti ń yé e bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde kí ẹ tó fà á.

Lọ́jọ́ tó bá fúnra rẹ̀ lọ mú ṣíbí wá ní agogo 11, tí kì í ṣe àkókò oúnjẹ, ẹ wá nǹkan fún un jẹ, ì báà ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyẹn. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ tí wọn kò dá a lóhùn, kò dájú pé yóò sọ èkejì.

Ẹni tó ríran ṣùgbọ́n tí òye rẹ̀ lọ́ra, àwòrán ni kí ẹ lò. Ẹ fi fóònù ya àwo ilé yín gan-an, balùwẹ̀ yín gan-an, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí. Àwòrán ilé ìdáná òyìnbó tí ẹ wà jáde láti íntánẹ́ẹ̀tì kò ní sọ nǹkan kan fún un. Fún adití, ẹni kan ó kéré tán ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, títí kan tòru, gbọ́dọ̀ lè fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ dáadáa. Púpọ̀ nínú èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ adití nílẹ̀ wa wá láti èdè adití Amẹ́ríkà. Andrew Foster, adití ará Amẹ́ríkà tó dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, wà lára àwọn tó gbé e wá. Ṣùgbọ́n adití tó dàgbà sí abúlé tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ ti ní àmì tirẹ̀ tó ń bá ìyá rẹ̀ lò. Ẹ kọ àwọn àmì yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un dé, kí ìyá náà tó lọ. Bí ẹ bá ń wá olùkọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Federal College of Education Special tó wà ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ adití, afọ́jú àti àwọn tí òye wọn lọ́ra.

Nípa ká jẹ́ kí wọ́n yàn: ẹ gbé nǹkan méjì síwájú rẹ̀, aṣọ méjì tàbí èso méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí ẹ sì kà dé mẹ́wàá nínú ọkàn yín. Mẹ́wàá ń pẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń kánjú kì í kà ju mẹ́ta lọ kó tó bá a yàn. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ wọn, kí ẹ tún un bi, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tó bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń mú nígbà gbogbo.

Àwo, iná, etí

Àmàlà dúdú inú àwo funfun hàn dáadáa fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó. Iyán inú àwo funfun kò hàn. Ẹ ra àwo aláwọ̀ búlúù tàbí pupa fún iyán, ẹ̀kọ àti ìrẹsì. Àwo irin tó ń dán ni kò dára fún ohunkóhun, nítorí iná máa ń tàn lára rẹ̀. Etí àtẹ̀gùn, ẹ lẹ téèpù yẹ́lò mọ́ ọn, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Ilẹ̀kùn, kó ṣí pátápátá tàbí kó tì pátápátá. Ìlàjì ṣíṣí ló ń la iwájú orí àwọn afọ́jú. Bí ẹ bá sún àga, ẹ mú wọn lọ́wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó ń bá adití sọ̀rọ̀ má dúró síwájú fèrèsé, torí ojú yín yóò ṣókùnkùn, kò ní rí ẹnu yín. Àti ọ̀rọ̀ NEPA: bí iná bá lọ lálẹ́, afọ́jú kò pàdánù nǹkan kan, ṣùgbọ́n gbogbo ìjíròrò adití ló kú lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé láńtánì oníbátìrì kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí òṣìṣẹ́ sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ àti ojú ara rẹ̀ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kó má máa tàn án sójú adití.

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ihò ibi tó ń wọ etí, kí ẹ ṣí bátìrì wò. Àwọ̀ ìlẹ̀mọ́ bátìrì ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún yín: 312 jẹ́ búráùn, 13 jẹ́ ọsàn, 675 jẹ́ búlúù. Bí ẹ bá ṣí ìlẹ̀mọ́ náà, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ. Bátìrì tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í tán, nítorí náà òṣìṣẹ́ tó bá ṣí gbogbo páálí lẹ́ẹ̀kan ti pa gbogbo wọn nìyẹn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń súfèé, kò jókòó dáadáa nínú etí tàbí ìdọ̀tí ti dí etí náà. Ẹ má ki igi olówùú bọ etí. Inú ló ń ti ìdọ̀tí sí. Àwọn tí a bí pẹ̀lú Down syndrome (ipò abínibí tó ń mú kí òye lọ́ra), etí wọn àti ojú wọn tètè ń ní ìṣòro ju ti ẹlòmíì lọ, nítorí náà kí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́dọọdún. Ìgbà púpọ̀ ni wọ́n ń sọ pé "orí kunkun ló ní", tó sì jẹ́ pé kò gbọ́.

Oúnjẹ: ibi tí ewu pọ̀ sí jù

Ọ̀pọ̀ àwọn tí iṣan ara wọn le tàbí tí òye wọn lọ́ra gan-an, gbígbé oúnjẹ mì ń ṣòro fún wọn. Oúnjẹ tó yà sí ọ̀nà èémí, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀, òtútù àyà ló sì ń dà. Kí ẹ tó gbọ́ pé ẹnì kan kú nítorí òtútù àyà, àmì ti wà nílẹ̀ fún oṣù: oúnjẹ ń pá a lórí nígbà gbogbo, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó bá ń jẹun, ohùn rẹ̀ ń hó bí omi lẹ́yìn oúnjẹ, oúnjẹ kan ń gbà ju 30 ìṣẹ́jú lọ, ó ń rù. Èyíkéyìí nínú wọn tó bá hàn, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Bowen wà, ti LAUTECH náà sì wà.

Kó jókòó gán-ín-gán, ẹ̀yìn rẹ̀ lára àga, ẹsẹ̀ méjèèjì lórí ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kò bá kanlẹ̀, ẹ fi pákó tàbí bíríkì tí ẹ fi aṣọ wé sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì kò lè gbé mì dáadáa. Àgbọ̀n rẹ̀ kó tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. A kì í gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn, a kì í sì í rọ àgbàlagbà bí ẹní ń rọ ọmọ lẹ́kọ. Ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, kó jókòó, kí ojú wọn ṣe déédéé. Ṣíbí tíì ni kó lò, ìdajì rẹ̀ ni kó bù. Kó máa wo gògóńgò: ó gbọ́dọ̀ gòkè, kó sọ̀kalẹ̀, kí ṣíbí kejì tó lọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, kó ṣì wà ní ìjókòó fún 30 ìṣẹ́jú. Ìgbà tí nǹkan ń bàjẹ́ ni nígbà tí òṣìṣẹ́ kan bá gbé ènìyàn mẹ́ta síwájú, tó ń fi ṣíbí kan náà bù fún wọn yípo bí ẹni ń fún adìyẹ ní oúnjẹ. Ẹnì kan, ẹnì kan ni.

Gàrí tí a da omi sí tí a fi ẹ̀pà sí ló burú jù fún ẹni tí oúnjẹ ń pá lórí. Omi rẹ̀ ń sáré lọ ṣáájú, gàrí tó wú ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀pà sì ń dúró de eyín. Ohun mẹ́ta ní ìwọ̀n eré mẹ́ta nínú ẹnu kan. Bísíkíìtì, búrẹ́dì gbígbẹ, iṣu sísè tó gbẹ àti ẹja eléegun tẹ̀ lé e. Àmàlà rírọ̀ pẹ̀lú ewédú ń lọ dáadáa fún àwọn kan, bí òkèlè kò bá ju orí àtàǹpàkò lọ. Àmàlà tó le ń há. Omi lásán sì léwu ju ẹ̀kọ mímu tó ki lọ, torí ó yára ju ọ̀fun lọ. Bó ṣe yẹ kí ohun mímu ki tó, ilé ìwòsàn ni kó sọ ọ́ fún oníkálùkù. Ògbómọ̀ṣọ́ là ń wí yìí, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ. Lọ́dọ̀ tiyín, ọ̀fun ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni kó pinnu èyí tó ṣáájú.

Bí oúnjẹ bá pá a lórí tó sì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Ẹ má fún un lómi. Bí ohùn bá dákẹ́ tí ojú rẹ̀ sì ń dúdú, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ gba ẹ̀yìn dì í mọ́ra, kí ẹ fi ìkúùkù ti ikùn rẹ̀ sínú àti sókè, láàárín ìdodo àti ìhà, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ wọn bẹ́ẹ̀, kí ẹlòmíì máa wá ọkọ̀. A kì í ti ìka bọ ọ̀fun láti wá ohun tí a kò rí. Lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, ẹ fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú wò. Ohun tó bá kù síbẹ̀ ni yóò bọ́ sí ọ̀nà èémí nígbà tó bá sùn.

Omi, ìgbẹ́, wárápá, òògùn

Omi tútù ni ẹ ó kọ́kọ́ bù sínú bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó bu gbígbóná sí i. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí gbígbóná, ọjọ́ tí wọ́n bá pè é síta kó tó bu tútù ni ẹni tí kò lè pariwo yóò bó. Ìgúnpá ni kí ẹ fi tọ́ ọ wò. Àga rọ́bà tó ní ẹ̀yìn ni kó jókòó lé, kí tówẹ̀lì, ọṣẹ àti aṣọ ti wà níbẹ̀ kó tó bọ́ra, torí ẹ kò ní fi í sílẹ̀ lọ mú nǹkan. Obìnrin ní ń wẹ obìnrin. Inú balùwẹ̀ ni wọ́n ti ń wọṣọ.

Àìrígbẹ́yà ń pa wọ́n lára ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí àìrìn, àìmu omi tó, àti àwọn òògùn kan. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa sàmì sí lójoojúmọ́: ó yàgbẹ́ tàbí kò yà, ó rọ̀ tàbí ó le bí ti ewúrẹ́. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá láìsí nǹkan kan, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ẹ má dúró dìgbà tí ikùn bá wú tó sì ń bì. Ẹni tí ìgbẹ́ olómi ń jò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí ìgbẹ́ líle ti dí nínú. Ẹni tó bá fún un ní òògùn ìgbẹ́ gbuuru ti ṣìṣe.

Bí wárápá bá mú ẹnì kan, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ sún àga àti nǹkan líle kúrò, ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka sáàárín eyín rẹ̀, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu tàbí lójú. Bó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí èkejì mú un kó tó jí, tàbí tó jẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀, tàbí inú omi ló ti ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ohun tó sábà ń fà á nílé ìtọ́jú ni òògùn tó tán láìròtẹ́lẹ̀. Bó bá ku ti ọjọ́ 14, ẹ ti gbọ́dọ̀ jáde lọ rà á. Òògùn wárápá kì í ṣe ohun tí à ń dá dúró lójijì. Ẹni tó bá fún un ní òògùn ni yóò buwọ́ lù ú, lẹ́yìn tó ti rí i pé ó gbé e mì. Ilé tí ẹ bá ti rí ìwé òògùn tí wọ́n ti buwọ́ lù títí di alẹ́ nígbà tí ó ṣì jẹ́ agogo 10 àárọ̀, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n ní ìbéèrè mìíràn. Òògùn tí wọ́n kọ CR sí lára (èyí tó ń tú sínú ara díẹ̀díẹ̀), irú bíi òògùn wárápá Tegretol CR, a kì í lọ̀ ọ́ mọ́ oúnjẹ. Òògùn tó ń mú ènìyàn sùn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń ra ìsinmi.

"Ìwà" tí kì í ṣe ìwà

Bí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí mọ́ ògiri, tàbí tó ń bu ara rẹ̀ jẹ, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì: ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ohun tó ṣe gan-an, ohun tí ẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Pẹ̀lú aago. "Ó bínú" kò tó. "Agogo 7:10 alẹ́, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó di etí méjèèjì, ó gbá orí mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀mẹ́fà, àǹtí mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó dákẹ́." Ẹni tó bá ka irú rẹ̀ mẹ́rin ti mọ ohun tó kàn láti ṣe, òun ni kí wọ́n máa mú un lọ sí yàrá ẹ̀yìn kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé lójijì ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ìrora ṣáájú: eyín, etí, ikùn, nǹkan oṣù, egbò abẹ́ bàtà. Ẹ tú bàtà rẹ̀ wò. Ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, okùn, àti yàrá tí wọ́n tì láti ìta kò sí nínú ìtọ́jú. Bí ewu bá wà pé ẹnì kan lè sá bọ́ sí títì, ẹnu géètì ni kí ẹ fi òṣìṣẹ́ sí.

Ara, owó, àlejò

Ẹ ya àwòrán ènìyàn, iwájú àti ẹ̀yìn, sórí ìwé kan fún oníkálùkù. Bí ẹ bá rí àmì lára rẹ̀ nígbà ìwẹ̀, ẹ fi hàn níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ìwọ̀n àti àwọ̀ rẹ̀. Orúnkún àti iwájú ẹsẹ̀ ni ẹni tó ṣubú ti ń fi ara pa. Àmì ìka lápá òkè, inú itan, ẹ̀yìn etí: ẹ béèrè, kí ẹ má sì gba "ó ṣubú" láìwádìí. Owó tí ẹbí bá fi ránṣẹ́, ìwé kan fún ẹnì kan, ẹni méjì ní ń buwọ́ lù ú.

Ọ̀rọ̀ àlejò ń dun wá. Àwọn ènìyàn á gbé ìrẹsì àti Indomie wá, wọ́n á ní kí wọ́n to àwọn ará ilé sí ìlà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e sí Facebook. Ẹ kọ̀ ọ́. Ẹ gba oúnjẹ náà ní ọ́fíìsì, kí ẹ dúpẹ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó tako ṣíṣe ẹ̀tanú sí àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó àkàndá ẹ̀dá káàkiri láti fi tọrọ owó. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ilé tó ń kó wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláásí láti tọrọ yẹ kó ro ìyẹn dáadáa. Ẹbí, ẹ̀wẹ̀, kó máa wá láìkéde. Ilé tó ní kí ẹ kọ́kọ́ pe òun ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ fura.

Òru, àti ọjọ́ ilé ìwòsàn

Fún ènìyàn mẹ́jọ, òṣìṣẹ́ méjì ló yẹ lóru, kí ọ̀kan má sùn rárá. Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, kí wọ́n máa yí i ní wákàtí méjì-méjì kí egbò má dá sí ìdí àti gìgísẹ̀ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ bọ́gílárí má gbé àpò ẹnì kankan. Orí ìṣó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà ni kó wà, ibi tí òṣìṣẹ́ lè fọwọ́ wá nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀, ìta ni, kó jìnnà sí fèrèsé tó mítà mẹ́fà ó kéré tán, èéfín rẹ̀ kò ní òórùn tó ń jí ẹni tó sùn. Aago ìkìlọ̀ iná kò ní jí adití: ẹ kọ orúkọ ẹni tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò fọwọ́ jí sára ògiri yàrá wọn.

Bí ẹ bá ń gbé ẹnì kan lọ sílé ìwòsàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ bá a dúró, ìwé kan ṣoṣo sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Òfin 2019 yẹn sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá àkàndá ẹ̀dá lóhùn lórí ìlà, pé kí ilé ìwòsàn ìjọba sì wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà bá ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ tàbí gbọ́ràn sọ̀rọ̀. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Sórí ìwé náà, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é, òògùn tó ń lò àti aago tó lò ó kẹ́yìn, ohun tó máa ń ṣe bí ara bá ń ro ó, bó ṣe ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá", irú oúnjẹ tó lè gbé mì, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ dì í mọ́ ṣíbí rẹ̀ àti kàìnkàìn rẹ̀ nínú báàgì kan tó máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.